Ẹni Tó Ń Tọ́jú Àwo Tó Ń Yí

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń nu gíláàsì yìí
ní ìsàlẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Niigata, níbi tí kò sí fèrèsé.
Àwo ńlá kan, ó fẹ̀ tó àgbàlagbà tó na apá méjèèjì;
omi inú rẹ̀ kò jìn ju ìka mẹ́rin lọ.
A bu ìyẹ̀fun sí i, èyí tó ń dán bí ìpẹ́ ẹja,
kí ojú lè rí ohun tí omi ń ṣe.
Iná lábẹ́, yìnyín lókè.
Gbogbo iṣẹ́ wa náà nìyẹn.

Omi kì í tètè dìde.
Ó jókòó, ó ń gba ooru sínú bí ẹni tí wọ́n ń bú tí kò fèsì,
títí ìsàlẹ̀ fi fúyẹ́,
tí òkè sì wúwo lé e lórí.
Ìgbà náà ló yí ara rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo:
gbígbóná ń gòkè láàárín, títutù ń sọ̀kalẹ̀ létí,
igun mẹ́fà, igun mẹ́fà, bí afárá oyin,
bí oko ebè tí ẹnìkan kọ mọ́jú.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Hatsue wọ kóòtù ọkọ rẹ̀ tó ti kú, ó wúkọ́.
"Isamu, ẹ jẹ́ kó yí."
Mo tẹ bọ́tìnì.
Ebè parẹ́. Ojú omi tẹ́jú bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.
Iná kò dín, síbẹ̀ omi kò gòkè:
ìyípo ti dì í lẹ́sẹ̀ mú,
bó bá fẹ́ yà, ó dá a padà.
A fi iná kún iná kó tó gbà,
nígbà tó sì gbà, kò gòkè bí ti àná.
Òpó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń ta sókè, gbogbo wọn ń pòòyì,
ààjà kéékèèké tí kò ga ju àtàǹpàkò lọ.
Mo kà wọ́n dé igba, mo ṣì í kà.

Lọ́jọ́ kejì, a dá àwo dúró, a wá ń fa ìdérí òkè,
jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fa aṣọ kúrò lára ọmọ tó sùn.
Igun mẹ́fà kò fara dà á.
Wọ́n nà, wọ́n so pọ̀, wọ́n di poro gígùn
tó kọjú síbi tí ìdérí ń lọ,
kò sí ọ̀kan tó dábùú.
Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ìka kan gíláàsì.
"Ẹ ti rí èyí rí."

Bẹ́ẹ̀ ni.
Nílé wa ní Izumozaki,
afẹ́fẹ́ tútù máa ń ti Sàìbéríà sọdá òkun lóṣù kìíní.
Òkun móoru jù ú lọ, ó ń mí sókè;
afẹ́fẹ́ ò jẹ́ kí èémí náà dúró,
ó ń fà á, ó ń fà á,
títí ìkùukùu fi tò ní poro, poro, lójú omi,
poro kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òjò dídì tirẹ̀.
Ìdí nìyẹn tí ilé Màmá fi ń rì dé fèrèsé,
tí ti Yonekichi, lẹ́yìn òkè kejì, kì í rì ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ.
Màmá ní Yonekichi bá òkè mulẹ̀.

Mo ṣàlàyé fún un lórí òrùlé, ṣọ́bìrì lọ́wọ́ àwa méjèèjì.
Mo ní ayé ń yí, ó ń ti afẹ́fẹ́ sápá ọ̀tún;
mo ní ooru ń bẹ nísàlẹ̀, òtútù lókè,
àwo kan náà ni, kìkì pé kò létí.
Ó dá ṣọ́bìrì dúró, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin.
"Ta ló wá ń tẹ bọ́tìnì?"

N kò rí èsì fọ̀.

Lọ́la ni mo fẹ̀yìn tì. Ọmọkùnrin tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, Teppei,
ti ń fi èékánná ha gíláàsì; mo ní kó rọra.
Lálẹ́, mo pa ẹ́ńjìnnì. Àwo dúró.
Omi kò tíì gbọ́.
Ó ń yí lọ nínú ohun tó ti dúró,
mo sì jókòó tì í nínú òkùnkùn títí ó fi gbọ́.